Ibi Tí A Ó Ti Pàdé Zakariyah

Nígbà tí fóònù dún, Hafeezah ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ijagun, níbi tó ti ń ṣe tíṣà, dé ni. Bàtà kan ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì ti bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Kò wojú fóònù kó tó mọ ẹni tó ń pè. Zakariyah, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Kánádà, nìkan ló máa ń pè lásìkò yẹn, nígbà tí wọ́n bá jáde sinmi díẹ̀ níbi iṣẹ́.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti rí ilé méjì. Ọ̀kan wà létí òkun, èkejì wà lórí òkè. Wọ́n ní téèyàn bá dúró lójú fèrèsé rẹ̀, á máa rí òkè kan tí èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Èwo ni Màmá máa fẹ́?"

"Zakariyah, orúnkún Màmá kò gba òkè."

"Ó dáa, ká mú ti etí òkun nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìyẹn ní àtẹ̀gùn méjìlá kéèyàn tó wọlé, mo wá ń rò ó pé..."

"Zakariyah."

"Mà?"

"Jẹ́ kí n bọ́ bàtà kejì ná."

Ó rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún. Hafeezah kò rẹ́rìn-ín.

Ìsinmi ni wọ́n pe ohun tí wọ́n ń ṣètò yìí. Oṣù mẹ́jọ rèé tó ti bẹ̀rẹ̀, Hafeezah kò sì rántí ọjọ́ kan tó fi sinmi nínú rẹ̀. Òun ló mú Màmá lọ ya fọ́tò páspọ́ọ̀tù, tí wọ́n ní kí Màmá sún ìborùn sẹ́yìn kí etí lè hàn, tí Màmá ní òun kò ní ṣí orí níwájú ọkùnrin tí òun kò mọ̀ rí, tí wọ́n fi padà sílé lọ́jọ́ náà láì ya nǹkan kan. Òun ló mú un lọ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ láìsí káàdì rẹ̀ kò ní wọ ìlú náà. Òun ló wá ẹni tó túmọ̀ ìwé ọjọ́ ìbí sí èdè Sípáníìṣì. Bó ṣe ń ṣe ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ kíláàsì mẹ́rin ní Bàọ́lọ́jì, tó ń máàkì ìwé wọn, tó ń se oúnjẹ tí kò níyọ̀ púpọ̀ fún Màmá, tó sì ń fi òróró wọ́ orúnkún rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Pọ́tákọ́ọ̀tù, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì ló ń wálé. Rahmah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní yunifásítì ní Ìlọrin. Òun àti Màmá nìkan ló wà nínú ilé, iṣẹ́ ibẹ̀ sì tó ènìyàn mẹ́fà ṣe.

Àárẹ̀ tó mú un kì í ṣe èyí tí oorun ọ̀sán kan lè gbà lọ. Ó ti wọ egungun.

Zakariyah ti lo ọdún mọ́kànlá ní Kánádà láì wálé lẹ́ẹ̀kan. Ilé ìwé ló bá lọ. Ọdún kẹta tó débẹ̀ ni bàbá wọn, Àlàájì Àbúdù, kú, wọ́n sì sin ín lẹ́yìn ọmọkùnrin rẹ̀. Màmá, Àlàájà Ràmọ́tà, tó ta àwo tánganran fún ọgbọ̀n ọdún ní ọjà Òkè-Àjẹ kí orúnkún tó dá a jókòó sílé, kò fojú kan ọmọ náà mọ́ àfi nínú fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bèèrè físà Kánádà fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ni kò bọ́ sí i. Ìgbà náà ni Zakariyah ní, bí Màmá kò bá lè dé ọ̀dọ̀ òun, tí òun náà kò sì lè dé ọ̀dọ̀ Màmá, kí wọ́n kúkú wá ibi kẹta tí wọn yóò ti pàdé. Ó ní ọkùnrin kan tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Kosta Rika ni, ọkùnrin náà sì máa ń sọ pé ìlú àwọn tutù lára, òkun ibẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í kánjú.

"Kosta kí ni?" Màmá bèèrè lọ́jọ́ náà. "Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe kọ́sítáàdì ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n Màmá kò jẹ́ kí ẹ̀rín náà tutù kó tó tún bèèrè ohun tó máa ń bèèrè. "Kí ló dé tí ọmọ mi kò lè wá sí Ìjẹ̀bú-Òde? Ta ló ń lé e níbí?"

"Ìwé rẹ̀ ni kò tíì pé, Màmá."

"Ìwé wo ló gba ọdún mọ́kànlá kó tó pé? Kùránì gan-an, ọmọ ọdún mẹ́wàá ń kà á tán."

Hafeezah mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ níwájú Màmá, nítorí náà ó máa ń dìde lọ wo ohun tó wà lórí iná, bí kò tilẹ̀ sí nǹkan kan lórí iná.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n gbéra, Albert ránṣẹ́ pè é. Albert ni èjẹ́ńtì tó ń bá wọn ṣe ìwé, ó ní ọ́fíìsì kékeré kan lọ́nà Ìbàdàn Gáréèjì, fáànù ibẹ̀ máa ń ké bí ẹni tí inú ń run. Ojú tí ọkùnrin náà fi kí i kò túká.

"Ẹ jókòó, mà. Ti Màmá ti jáde." Ó ṣí páspọ́ọ̀tù Màmá hàn án. Físà náà wà níbẹ̀, ó ń dán.

"Alhamdulillahi. Tèmi ńkọ́?"

Albert fa ìwé kan jáde. "Wọ́n dá tiyín padà. Nọ́ńbà páspọ́ọ̀tù tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù, ti páspọ́ọ̀tù yín àtijọ́ ni, èyí tó ti kú. Kò bá èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ mu."

Hafeezah gba fọ́ọ̀mù náà. Ìwé ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ó rántí ọjọ́ tó kọ ọ́, ìrọ̀lẹ́ Àìkú kan, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ tó ọgọ́jọ wà níwájú rẹ̀, ojú ń ro ó, ó sì ń wá bí yóò ṣe tètè kọ ọ́ tán. Páspọ́ọ̀tù rẹ̀ méjèèjì, àtijọ́ àti tuntun, wà lórí tábìlì. Èyí tó sún mọ́ ọn ló mú.

"Ẹ kò lè bá mi tún un kọ?"

"A lè tún un kọ, ṣùgbọ́n àtìbẹ̀rẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Kò lè bọ́ sí i kí oṣù Kẹrin tó parí, mà. Ẹ má bínú."

Oṣù Kẹrin náà ni wọ́n fún Zakariyah láyè níbi iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì péré. Hafeezah kò sunkún. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Ó mu ún tán, ó dúpẹ́, ó wakọ̀ lọ sílé pẹ̀lú páspọ́ọ̀tù Màmá àti tirẹ̀ lórí itan.

Ó bá àlejò nílé. Bàbá Fátókí ni, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì ti fi ọ̀wọ̀ bọ́ fìlà sórí orúnkún bí ìṣe rẹ̀. Baba kan náà ló bí òun àti Àbúdù. Àbúdù wá sí ìlú kọ́ṣẹ́ ọjà nígbà tó wà ní kékeré, ó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù níbẹ̀. Fátókí dúró ti oko baba wọn ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó dúró ti Ògún baba wọn pẹ̀lú. Ẹ̀sìn kò bà wọ́n jẹ́ rí. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá pa àgbò Iléyá, ẹsẹ̀ kan ti Fátókí ni, ìgbà tí Àbúdù sì ṣàìsàn tó gbé e lọ, ọkùnrin náà ló ń ti abúlé wá lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta láti bá a jókòó. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Ọ̀kadà ló gùn wá.

Hafeezah kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà... ẹ jọ̀ọ́, ẹ káàsán, sà. Ẹ kú ìrìn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ó ti rẹ ọmọ mi. Dìde, dìde." Ó nawọ́ sí àpò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Ìyá rẹ sọ fún mi pé ẹ fẹ́ lọ pàdé Zakariyah. Gàrí nìyẹn. Ìyàwó mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ yan án, ó kan dáadáa. Ẹ bá mi gbé e fún un."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Kí ẹ sọ fún un pé a kò bínú pé kò wálé sin bàbá rẹ̀. Ayé ló le, a mọ̀. Kí ẹ sọ fún un pé ilẹ̀ tó kan bàbá rẹ̀ lóko, n kò jẹ́ kí igbó bò ó. Bó bá wù ú kó dé lónìí, bó bá wù ú kó dé lẹ́yìn mi, yóò bá a ní mímọ́."

Hafeezah ní òun ń lọ gbé omi wá fún un. Ó dé ilé ìdáná, ó di etí síǹkì mú, omi ẹ̀rọ ń dà lásán. Ìgbà tó gbọ́ tí ọ̀kadà gbéra lọ ló tó jáde.

Màmá ṣì jókòó síbi tó wà. "O gbọ́ ohun tó sọ? Ọkùnrin yẹn kò gbàgbé ọmọ àbúrò rẹ̀. Ó ń ro ilẹ̀ rẹ̀ fún un. Mo tún bi ọ́, Hafeezah. Ta ló ń lé ọmọ mi nílé yìí?"

Bóyá bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ì bá rí irọ́ mìíràn pa. Lọ́jọ́ náà, kò rí okun tí yóò fi wá irọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Kò sẹ́ni tó ń lé e, Màmá. Irọ́ ni a pa."

Ó sọ ọ́ láìgbójú sókè. Ó sọ pé nígbà tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ Zakariyah parí, wọ́n fẹ́ dá a padà wálé, ẹnìkan sì gbà á nímọ̀ràn pé kó sọ pé wọn yóò pa òun bí òun bá padà. Ó sọ fún wọn pé láti ìgbà tí bàbá òun ti kú, ẹ̀gbọ́n bàbá òun, Fátókí, ń fi tipátipá sọ pé òun gbọ́dọ̀ wá jẹ oyè nínú ilé Ògún, àti pé ìyá òun fọwọ́ sí i pé bí òun bá kọ̀, kí wọ́n pa òun. Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n fún un ní ìwé tó fi ń gbé ibẹ̀. Ìwé yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó lè wálé, nítorí ẹni tó bá ní wọn yóò pa òun nílé kò lè tún padà wá ṣe ọdún nílé.

"Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá," Hafeezah wí. "Èmi ni mo kọ lẹ́tà pé òótọ́ ni."

Màmá yíjú sí i. Lẹ́yìn náà ó ní, "Orúkọ mi wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

"Orúkọ Bàbá Fátókí ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ọwọ́ ara rẹ lo fi kọ ọ́. Pé èmi Ràmọ́tà fẹ́ pa Zakariyah."

"Ẹ dárí jì mí."

Ìyá náà dìde. Kò ké sí ẹnikẹ́ni kó fún òun lọ́wọ́, ó kàn di àga mú, ó di ògiri mú, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò bá Hafeezah sọ̀rọ̀ ju "ó dáa" àti "gbé e síbẹ̀" lọ. Ó ń kírun, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ń jẹ díẹ̀ nínú oúnjẹ, ó ń fi ìyókù sílẹ̀. Nígbà tí Zakariyah pè, kò gba fóònù. Hafeezah gbé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

"Mo ti sọ fún Màmá," ó wí.

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Àǹtí mi! Kí ló dé tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀? Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré! Kí ló dé?"

"Ó rẹ̀ mí, Zakariyah."

"Ṣùgbọ́n a jọ sọ ọ́ pé..."

"Mo ní ó rẹ̀ mí. Èmi ni mò ń rí ojú wọn lójoojúmọ́. Èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí Bàbá Fátókí. Ìwọ wà lọ́hùn-ún, ò ń yan ilé etí òkun. Ó ti rẹ̀ mí."

Hafeezah gbọ́ tí Zakariyah fọn imú. Ó bèèrè bóyá kí òun fagi lé ilé náà. Hafeezah ní òun kò mọ̀. Ó sọ fún un pé físà tòun gan-an kò jáde, pé ọwọ́ ara òun ló ṣì í kọ.

Àárọ̀ Àìkú ni Màmá wá bá a ní ilé ìdáná. Ó ti wẹ̀, ó ti lé tìróò sójú.

"Ọjọ́ wo ni ọkọ̀ òfuurufú náà ń gbéra?"

"Màmá, n kò tíì sọ fún yín. Èmi kò rí físà gbà. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n fún."

"Ọjọ́ tó ń gbéra ni mo béèrè."

"Ẹ kò lè dá lọ. Ọkọ̀ mẹ́ta lẹ máa wọ̀. Ẹ ó sọ̀ ní Tọ́kì, ẹ ó sọ̀ ní Panama, kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ kò gbọ́ Òyìnbó dáadáa, Sípáníìṣì ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀."

"Nígbà tí mo lọ Mẹ́kà, mo gbọ́ Lárúbáwá ni? Wọ́n fi páálí kọ́ wa lọ́rùn, a lọ, a bọ̀. Ní Tọ́kì, mùsùlùmí ni wọ́n, màá ríbi kírun."

Hafeezah pa iná. "Ṣé inú kò bí yín mọ́ ni?"

"Inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí i, inú ń bí mi sí ìwọ náà. Ìgbà mìíràn tí mo bá jí, màá rò pé àlá ni, màá tún rántí." Ohùn rẹ̀ ti yí padà sí Ìjẹ̀bú ponbele, bó ṣe máa ń yí bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún dénú. "Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí ni. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin kì í fi ìbínú pamọ́ de ọdún tó ń bọ̀. N kò sì lè bá a sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú fóònù. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Ó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá Fátókí kò gbọdọ̀ gbọ́. Kò sí ohun tí yóò fi ṣe lọ́jọ́ orí rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ètò náà tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Albert bá wọn sọ fún àwọn onípápákọ̀ pé kí wọ́n fi àga onítáyà pàdé Màmá níbi tó bá ti sọ̀. Hafeezah tẹ páálí kan ní Gẹ̀ẹ́sì àti Sípáníìṣì, ó so ó mọ́ okùn: orúkọ Màmá, ibi tó ń lọ, nọ́ńbà fóònù Zakariyah, àti pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Màmá ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un: "Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti lè kírun?" Ó ní gàrí náà gbọ́dọ̀ lọ. Ó kó aṣọ mẹ́rin, ó yọ méjì, ó tún kó wọn padà. Kò ṣeré, kò sì bá Hafeezah rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó fi òróró wọ́ orúnkún òun.

Ní pápákọ̀ Ìkẹjà, obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ gbé àga onítáyà wá. Màmá jókòó sínú rẹ̀, páálí lọ́rùn, báàgì ọwọ́ lórí itan. Hafeezah ń tún ìborùn Màmá ṣe, ó tún ń tún un ṣe.

"Ó tó," Màmá wí. "Lọ sílé, lọ sùn. O ò rí bí ojú rẹ ṣe rí?"

Wọ́n tì í lọ. Kò wẹ̀yìn.

Wọ́n ti pa ilé ẹ̀kọ́ fún ìsinmi Àjíǹde. Hafeezah padà dé ilé lọ́sàn-án, ó ṣílẹ̀kùn, ilé náà sì dákẹ́ bí èyí tí kò mọ̀ rí. Kò sí oúnjẹ tí yóò sè. Kò sí ẹni tí yóò béèrè omi gbígbóná. Ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ lọ sí Èkó, ó sì sùn.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, fọ́tò kan wọlé. Zakariyah ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ ní pápákọ̀ ọ̀hún, orí rẹ̀ ti ń pá lẹ́yìn, àwọn òyìnbó dúró, wọ́n ń wò ó. Màmá wà nínú àga onítáyà níwájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí báàgì. Hafeezah fi ìka fa fọ́tò náà tóbi, ó wá bóyá Màmá ń sunkún ni àbí kò sunkún, kò lè mọ̀.

Ọjọ́ kẹta tó débẹ̀ ni Màmá pè fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́hùn-ún, aago kan ọ̀sán ti lù n'Ìjẹ̀bú-Òde.

"Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni wọ́n ń fún èèyàn láàárọ̀ kùtù níbí," ó wí. "Wọ́n pò ó pọ̀. Kò burú, ata ni kò sí níbẹ̀."

"Òkun ńkọ́, Màmá?"

"Omi ni. Mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lánàá. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, orúnkún mi fẹ́ràn rẹ̀. Zakariyah ló gbé mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn wọn yẹn. Ó ti rù, ọmọ náà. Àwọn ará Kánádà ń lò ó."

Hafeezah sún fóònù mọ́ etí. "Ṣé ẹ ti bá a sọ ọ́?"

"Mo ti bá a sọ ọ́."

"Kí ló sọ?"

"Ó sunkún. Mo jẹ́ kó sunkún dáadáa, n kò bẹ̀ ẹ́. Mo ní nínú gbogbo ìrun tó bá kí lóòjọ́, kó máa dárúkọ Fátókí nínú àdúà rẹ̀, títí yóò fi lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé oko ọkùnrin náà tọrọ àforíjì. Bí kò bá lè dé ibẹ̀ láéláé, kó máa ṣe àdúà náà lọ láéláé." Ó mí kanlẹ̀. "Tìrẹ náà wà nílẹ̀. N kò tíì bá ọ sọ tìrẹ. Bí mo bá dé, a ó jókòó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

Kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀. Nígbà tí Màmá pa fóònù, ó jókòó sétí ibùsùn fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo oòrùn tó ta sórí ilẹ̀ yàrá. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dìde lọ dín ẹyin, kó ka ìwé tó ti pa tì láti ọjọ́ pípẹ́, kó pe ọkọ rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fa kọ́tìnì bo fèrèsé, ó sì tún dùbúlẹ̀.